Ṣé lóòótọ́ ni NASA rí ọjọ́ Jóṣúà tó sọnù? Ọmọ mi bi mí, n kò rí èsì fún un

ÌyáDárà_Àpáta (Ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, mo ń wá ẹni tó mọ Bíbélì dénú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fi fídíò kan han àwọn ọ̀dọ́ ní ìjọ wa. Fídíò náà ní àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì NASA ní Amẹ́ríkà ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ibi tí oòrùn àti òṣùpá wà láyé àtijọ́ àti ibi tí wọn yóò wà lọ́jọ́ iwájú, ni kọ̀ǹpútà bá dúró, kò lọ mọ́. Ọjọ́ kan dín. Wọ́n wá a títí, kò sí, àfìgbà tí ẹnì kan láàárín wọn rántí Jóṣúà orí 10, níbi tí Jóṣúà ti pàṣẹ fún oòrùn pé kó dúró. Wọ́n ṣírò ìyẹn, ó jẹ́ wákàtí 23 àti ìṣẹ́jú 20. Ó ku ìṣẹ́jú 40. Ẹni náà tún rántí Hesekáyà, tí òjìji padà sẹ́yìn fún nínú Àwọn Ọba Kejì orí 20. Ìyẹn ni ìṣẹ́jú 40 tó kù. Ọjọ́ pé, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Dárà nawọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ó fẹ́ràn físíìsì bí oúnjẹ. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, láti ọjọ́ wo ni kọ̀ǹpútà yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, tó fi mọ̀ pé ọ̀kan dín?" Olùkọ́ wọn ní kó jókòó, kó má jẹ́ kí ìwé ba ọkàn rẹ̀ jẹ́. Láti ọjọ́ náà, tá a bá ń ka Bíbélì ní àdúrà òwúrọ̀, ilẹ̀ ló máa ń wò. Lánàá mo rí ìwé ìṣirò rẹ̀ lórí tábìlì. Ó kọ 23:20 + 0:40 = 24:00, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé "ta ló wọ̀n ọ́n?"

N kò fẹ́ parọ́ fọ́mọ. N kò sì fẹ́ kí ìgbàgbọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni kí n sọ fún un?

Adétutù_Bódìjà (Ọjọ́ Àìkú, 10:02 alẹ́)

Ìtàn yìí ti pẹ́ o, ma. Kí fídíò tó dé, inú ìwé pélébé ni mo ti kà á ní ilé-ìwé girama. Mo gbà á gbọ́ títí di alẹ́ òní tí mo ka ìbéèrè ọmọ yín. Mo ń dúró de èsì.

Pásítọ̀_Ológunẹrú (Ọjọ́ Àìkú, 10:31 alẹ́)

Ìyá Dárà, ẹ kú ìtọ́jú ilé. N kò mọ ìdí fídíò náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Ọlọ́run tó dá oòrùn lè ní kó dúró. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ iṣẹ́ ìyanu kan lónìí nítorí sáyẹ́ǹsì, ọ̀la a ó yọ òmíràn, títí tí a ó fi dé ibojì tó ṣófo. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Mo ní àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́ tèmi náà.

Olùkọ́_MájẹmúLáéláé (Ọjọ́ Ajé, 6:15 àárọ̀)

Ìyá Dárà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́. Májẹ̀mú Láéláé ni iṣẹ́ mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Hébérù nílùú Ìbàdàn yìí. Ẹ bá mi sọ fún Dárà pé ìbéèrè tó bi olùkọ́ rẹ̀ ló yẹ kí àwọn àgbàlagbà ti bi láti ọdún 1890.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ pe 1890. Kò sí kọ̀ǹpútà nígbà náà, kò sì sí NASA, torí 1958 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ará Amẹ́ríkà kan, Charles Totten, tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ológun ní Yunifásítì Yale, ló tẹ ìwé jáde lọ́dún 1890 pé òun ti ṣírò ọjọ́ láti ìgbà ìṣẹ̀dá, òun sì ti rí ọjọ́ tó sọnù: Jóṣúà ló ni èyí tó pọ̀, Hesekáyà ló ni ìṣẹ́jú 40. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1970, ọkùnrin oníṣòwò ẹ̀rọ kan ní Baltimore, Harold Hill, ti ń sọ ìtàn náà káàkiri, àmọ́ kọ̀ǹpútà NASA ti wọ inú rẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e. Nígbà tí àwọn èèyàn kọ lẹ́tà lọ béèrè ní ibùdó NASA tó wà ní Greenbelt, ìpínlẹ̀ Maryland, èsì wọn ni pé kò sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Hill ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí fúngbà díẹ̀, àmọ́ ìdí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ló wà, kò dé ìdí kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìṣẹ́jú 40 yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni ìtàn náà ti já. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 sọ pé òjìji padà ní "degree" mẹ́wàá. Totten mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn bíi ti ìwé ìṣirò: òbìrí kan jẹ́ 360, ọjọ́ kan jẹ́ wákàtí 24, ọ̀kọ̀ọ̀kan wá di ìṣẹ́jú 4, mẹ́wàá di 40. Ṣùgbọ́n lédè Hébérù, *maʿalot* ni ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, àtẹ̀gùn ni ìtumọ̀ rẹ̀. Òun kan náà ló wà lórí Sáàmù 120 títí dé 134, àwọn tí à ń pè ní Orin Ìgòkè. Orí àtẹ̀gùn Áhásì ọba, bàbá Hesekáyà, ni òjìji ti padà, ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Ta ló lè ti ara àtẹ̀gùn ilé ẹlòmíràn mọ iye ìṣẹ́jú, nígbà tí kò mọ bó ṣe ga tó, tí kò sì mọ apá ibi tó kọjú sí?

Torí náà, ìṣẹ́jú 40 kò sí nínú Bíbélì. Wákàtí 23 àti ìṣẹ́jú 20 náà kò sí níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ pé 24 ló yọ 40 kúrò. Jóṣúà 10:13 kò sọ ju pé oòrùn kò tètè wọ̀, bí odindi ọjọ́ kan. Dárà béèrè ẹni tó wọ̀n ọ́n. Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n.

Ní Jóòbù 13:7, Jóòbù bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n fẹ́ máa fi ẹ̀tàn gbè Ọlọ́run lẹ́yìn. Mo ń ka ẹsẹ yẹn pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Mo mọ̀ pé ẹni tó fi fídíò náà han àwọn ọmọ gbà á gbọ́ ni, kò mọ̀ọ́mọ̀ parọ́. Àmọ́ ọmọ tó bá dàgbà, tó rí i pé irọ́ ni wọ́n fi gbé ẹsẹ kan ró, kì í dúró wo ẹsẹ náà fúnra rẹ̀ mọ́. Ó ti lọ. Mo ti kọ́ irú wọn, àwọn tó já fáfá jù nínú kíláàsì.

Mò ń lọ síbi iṣẹ́. Tí mo bá dé, màá sọ ohun tí mo rò pé ẹsẹ náà ń sọ.

TísàFísíìsì_Mọ́níyà (Ọjọ́ Ajé, 1:20 ọ̀sán)

Ọ̀gá, ẹ ṣeun gan-an. Ìyá Dárà, ọmọ yín ti wí i tán. Bí bátìrì aago ògiri yín bá kú lóru, tí ẹ fi òmíràn sí i láàárọ̀, aago náà kò lè fúnra rẹ̀ sọ fún yín pé òun sùn. Aago mìíràn lẹ máa wò. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò sẹ́yìn láti òní kàn ń yí ayé sẹ́yìn bó ṣe ń yí lónìí ni. Kò sí ibi tí yóò ti kọsẹ̀ lára ọjọ́ tó sọnù.

Àmọ́ aago mìíràn wà, ẹ sọ èyí fún Dárà, yóò gbádùn rẹ̀. Àwọn awòràwọ̀ Bábílónì kọ ọ́ sórí wàláà amọ̀ pé ní ọdún 136 ṣáájú Kristi, òṣùpá bo oòrùn lójú pátápátá lórí ìlú wọn. Bí a bá ṣírò sẹ́yìn bí ẹni pé ayé kò dín eré rẹ̀ kù láti ìgbà náà, òkùnkùn yẹn kò ní bọ́ sí Bábílónì rárá, apá ìwọ̀ oòrùn lọ́nà jíjìn ni yóò bọ́ sí. Ìdí ni pé òṣùpá ń fa omi òkun, ìfà omi náà sì ń dá yíyí ayé dúró díẹ̀díẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ọdún, ohun tó ń fi kún gígùn ọjọ́ kan kò tó nǹkan kan. Tí ẹ bá wá kó gbogbo ọjọ́ jọ láti ìgbà náà di òní, ó lé ní wákàtí mẹ́ta. Wákàtí tó sọnù, tí a sì rí ní tòótọ́, nìyẹn.

Ọ̀gá, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Humphreys àti Waddington, kọ ọ́ pé ohun tí Jóṣúà rí ni pé òṣùpá bo oòrùn lójú ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 1207 ṣáájú Kristi. Ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀? Mo rántí ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 2006 níhìn-ín, bí ọ̀sán ṣe ṣú lójú wa tí àwọn adìyẹ ń wálé. Tí ojú ogun bá ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ẹ̀rù á bani.

Alhaji_Molété (Ọjọ́ Ajé, 3:48 ọ̀sán)

Mo kí gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Nínú hadísì tí Bukhari àti Muslim, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì tó kó hadísì jọ, gbà wọlé, wòlíì kan ń lọ sójú ogun, ó súnmọ́ ìlú náà nígbà ìrun Alásárì. Ó sọ fún oòrùn pé abẹ́ àṣẹ ni ìwọ wà, abẹ́ àṣẹ ni èmi náà wà, ó sì bẹ Ọlọ́run kó dá a dúró fún àwọn. Hadísì mìíràn dárúkọ Yúṣáʿ ọmọ Núnì, Jóṣúà yín náà nìyẹn. Láti kékeré ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu baba mi ní Òkè-Fóko, kò sì sẹ́ni tó fi kọ̀ǹpútà kún un fún mi kí n tó gbà. Tísà, ẹ kú àlàyé aago ògiri yẹn, mo ti sọ ọ́ fún ìyàwó mi.

Pásítọ̀_Ológunẹrú (Ọjọ́ Ajé, 8:05 alẹ́)

Olùkọ́, ẹ ṣeun sà. Ọ̀rọ̀ NASA ti yé mi, mo gbà, n kò sì ní lò ó mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì fò mí kọjá. Ẹsẹ 13 sọ pé oòrùn dúró "ní agbedeméjì ọ̀run". Ẹsẹ 14 sọ pé kò sí ọjọ́ tó dàbí rẹ̀ ṣáájú tàbí lẹ́yìn. Kí lẹ fẹ́ ṣe sí ìyẹn?

Olùkọ́_MájẹmúLáéláé (Ọjọ́ Ajé, 10:50 alẹ́)

Pásítọ̀, ìbéèrè gidi lẹ bi. N kò ní fi ọwọ́ bo ẹsẹ kankan.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Ìtàn ogun ni láti ẹsẹ 1. Ní ẹsẹ 12, ọ̀rọ̀ yí padà di orin: *Ìwọ, Oòrùn, dúró jẹ́ẹ́ lórí Gíbéónì, àti ìwọ, Òṣùpá, ní àfonífojì Àìjálónì.* Ẹni tó ń kọ ìtàn sì sọ ibi tó ti mú orin náà: ìwé Jáṣérì. Ìwé náà kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ṣùgbọ́n 2 Sámúẹ́lì 1:18 tún dárúkọ rẹ̀, níbi tí Dáfídì ti ń sunkún Sọ́ọ̀lù àti Jónátánì. Ìwé orin ogun ni. Nínú orin ti Dáfídì yẹn, ó pàṣẹ fún àwọn òkè Gílíbóà pé kí ìrì má sẹ̀ sórí wọn, kí òjò má rọ̀ síbẹ̀. N kò tíì rí ẹni tó lọ wá àkọsílẹ̀ òjò Gílíbóà láti fi mọ̀ bóyá òótọ́ ni Dáfídì sọ. A mọ̀ pé ẹkún akíkanjú ni.

Ó yẹ kó yé àwa ọmọ Ìbàdàn ju ẹnikẹ́ni lọ. Tí apohùn bá ń ki ìlú Ògúnmọ́lá, olódògbo kẹ́ri lójú ogun, òótọ́ ogun ló ń sọ, ogun tó ṣẹlẹ̀, tí àwọn bàbá wa kú sí. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa gbé oríkì náà lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Ìbàdàn pé kí wọ́n bá òun wọ̀n ọ́n. Ojoojúmọ́ náà la ń sọ pé ilẹ̀ mọ́, ilẹ̀ ṣú, bí ẹni pé ilẹ̀ ló ń fọ ojú. Tísà fúnra rẹ̀ ń sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ "jẹ́ẹ́" yẹn ńkọ́? Lédè Hébérù, *dom* ni: dákẹ́, má mira. Ìdílé ọ̀rọ̀ kan náà ló wà ní Sáàmù 4:4, "kí ẹ sì dúró jẹ́ẹ́". Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì wa, tí Àjàyí Crowther ṣáájú wọn, tí odindi rẹ̀ jáde lọ́dún 1884, mú un dáadáa. "Dúró jẹ́ẹ́" ní ìdákẹ́ nínú.

Ó wá ku ibi tí oòrùn àti òṣùpá wà. Gíbéónì ni ibi tí wọ́n ń pè ní el-Jib lónìí. Awalẹ̀pìtàn ará Amẹ́ríkà kan, James Pritchard, wú u láàárín 1956 sí 1962, ó sì bá orúkọ ìlú náà lára etí ìkòkò. Àfonífojì Àìjálónì wà ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀. Tí oòrùn bá wà lókè Gíbéónì, tí òṣùpá wà lókè Àìjálónì, àárọ̀ kùtù ni, òṣùpá àrànmọ́jú sì ni. Ẹ̀yin tó ń gbé ìlú yìí, ẹ fojú inú wo ara yín lórí Láyípo, ilé gogoro tó wà ní Òkè Àárẹ̀, lówùúrọ̀ òṣùpá àrànmọ́jú: oòrùn ń yọ níhà Ẹgbẹ́dá, òṣùpá ń lọ wọ̀ níhà Àpáta, àwọn méjèèjì ń wo ara wọn kọjá òrùlé páànù. Ìdí tí ó fi jẹ́ àárọ̀ wà nínú ẹsẹ 9: gbogbo òru ni Jóṣúà fi rìn láti Gílígálì.

Ní Ásíríà àtijọ́, àwọn awòràwọ̀ máa ń kọ̀wé sí ọba lórí ohun yìí gan-an. Bí oòrùn àti òṣùpá bá jọ hàn ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù, àmì rere ni. Bó bá bọ́ sí ọjọ́ mìíràn, ibi ń bọ̀. Wàláà wọn wà ní British Museum. Lọ́dún 1968, ọ̀mọ̀wé kan, John Holladay, fi wọ́n ka ẹsẹ yìí: Jóṣúà ń gbàdúrà kí àmì ojú ọ̀run jẹ́ ire fún Ísírẹ́lì lójú àwọn ọ̀tá tó ń wo ojú ọ̀run náà. Èmi gbà pé ó sún mọ́ orin náà ju ohunkóhun tí mo ti kà lọ. Nípa ti 2017, Tísà, ìṣirò wọn dára, àmọ́ nígbà tí òṣùpá bá bo oòrùn, ibì kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Orin yìí yà wọ́n sọ́tọ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún.

Ní ti "agbedeméjì ọ̀run", Pásítọ̀, ẹ jàre. Ẹni tó fi orin náà sínú ìtàn gbà pé ọjọ́ náà gùn, mo sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó sọ tirẹ̀. Ohun méjì ló wà nínú orí kan ṣoṣo, orin àtijọ́ àti ẹni tó ń ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹsẹ 14 dé òpin. Kí ló ní kò ṣẹlẹ̀ rí? Ó ní kò sí ọjọ́ tó dàbí rẹ̀, *tí Olúwa gbọ́ ohùn ènìyàn*. Ohun tó ya òǹkọ̀wé náà lẹ́nu nìyẹn. Ọlọ́run gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lójú ogun. A ti fi ọgọ́rùn-ún ọdún wo aago, a kò gbọ́ ohun tí ẹsẹ náà ń pariwo.

N kò sọ pé Ọlọ́run kò lè dá oòrùn dúró. Ohun tí mò ń sọ ni pé ká jẹ́ kí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni n kò ní ka Máàkù orí 16, ìtàn ibojì tó ṣófo, bí orin ogun, torí kì í ṣe orin ogun.

ỌmọKúdẹtì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:30 àárọ̀)

Ṣé kì í ṣe ẹsẹ yìí náà ni wọ́n fi mú Galileo, ẹni tó ní ayé ló ń yí oòrùn po?

Olùkọ́_MájẹmúLáéláé (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:10 àárọ̀)

Ó wà lára rẹ̀. Ní 1615 ó kọ lẹ́tà gígùn sí Christina, ìyá ọba Tuscany, ó sì jíròrò Jóṣúà nínú rẹ̀. Ní 1633 wọ́n dá a lẹ́jọ́, wọ́n sé e mọ́lé títí ó fi kú ní 1642. Ọdún 1992 ni Póòpù John Paul Kejì tó sọ ní gbangba pé àwọn tó dá a lẹ́jọ́ ṣàṣìṣe.

Pásítọ̀_Ológunẹrú (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:25 alẹ́)

Mo ka ẹsẹ 14 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lónìí. Mo ti wàásù lórí orí yìí, n kò dé ìdí gbólóhùn yẹn rí. "Agbedeméjì ọ̀run" ṣì ń dà mí láàmú, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n mo máa sọ fún àwọn ọ̀dọ́ mi lọ́jọ́ Àìkú pé ìtàn NASA kì í ṣe òótọ́, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí wọ́n tó kà á níbòmíràn. Olùkọ́, tí mo bá ní kí ẹ wá bá wọn sọ̀rọ̀, ṣé ẹ máa wá?

Olùkọ́_MájẹmúLáéláé (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:41 alẹ́)

Màá wá, sà.

ÌyáDárà_Àpáta (Ọjọ́bọ̀, 6:55 alẹ́)

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run á bá mi san oore yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè fún Dárà nílé ìdáná, ó ń bó ẹ̀wà fún mi. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn, ó gbé ẹ̀wà sílẹ̀. Ó ní kí n tún un kà.

Lónìí tó ti ilé-ìwé dé, ó mú ṣọ́ọ̀kì lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi àtẹ̀gùn tó lọ sókè ilé wa. Ó fa ìlà síbi tí òjìji ògiri dé ní aago mẹ́ta, ó tún fa òmíràn ní aago mẹ́rin, ó kọ aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Òjìji gun àtẹ̀gùn méjì àti díẹ̀. Ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé kó má fi omi fọ̀ ọ́ títí di ọ̀la. Ó wá yá Bíbélì mi, ó ti ń ka Àwọn Ọba Kejì láti orí 18.

Ó ní kí n bi Olùkọ́: àtẹ̀gùn Áhásì, ṣé ìlà oòrùn ló kọjú sí ni, àbí ìwọ̀ oòrùn?

Olùkọ́_MájẹmúLáéláé (Ọjọ́bọ̀, 8:20 alẹ́)

Dárà, ọmọ mi, Bíbélì kò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn kan náà wà ní Àìsáyà 38:8, ìwé Àìsáyà àfọwọ́kọ tó ti pẹ́ gan-an, tí wọ́n rí nínú ihò àpáta ní Kúmránì lẹ́bàá Òkun Òkú lọ́dún 1947, ní ọ̀rọ̀ kan tí èyí tó wà lọ́wọ́ wa kò ní. Ó ní àtẹ̀gùn *yàrá òkè* Áhásì. Ka 2 Àwọn Ọba 23:12, wàá tún bá yàrá òkè náà pàdé níbẹ̀, lórí òrùlé. Àtẹ̀gùn ìta ilé ni, tó jọ tiyín. Mo ní àwòrán ojú ìwé yẹn. Tí màmá rẹ bá gbà, ẹ wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí o mú ìwé ìṣirò rẹ dání.